Bàbá onírun wúruwùru àti eérú ìyá mi: bí mo ṣe rí Periodic Videos

Oṣù mẹ́rin ni mo fi dá wo Periodic Videos lórí YouTube kí n tó fi han ìyá mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí, kí wọ́n má baà ní mò ń fi owó dátà ṣòfò.

Àwọn olùkọ́ kẹ́mísírì ní Yunifásítì Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Brady Haran, oníròyìn ọmọ Ọsirélíà, ló ń gbé kámẹ́rà dání. Láti 2008 ni wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ẹ́límẹ́ǹtì 118, ìyẹn àwọn èròjà ìpìlẹ̀ tí nǹkan gbogbo ti wá, ló sì ní fídíò tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Martyn Poliakoff ni aráyé mọ̀ jù nínú wọn: irun rẹ̀ funfun, ó rú sókè bí ìgbà tí iná mànàmáná gbé e. Ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, bí àgbà tó ń pàlọ́. Èmi tún fẹ́ràn Neil tó máa ń ṣe àṣewò fún wọn. Kì í fẹ́ẹ̀ la ẹnu. Ó kàn ń dáná sun nǹkan ni.

Fídíò potassium, ọ̀kan nínú àwọn ẹ́límẹ́ǹtì náà, ni mo fi bẹ̀rẹ̀ fún màmá. Wọ́n ju ègé kékeré kan sínú omi, iná aláwọ̀ àlùkò sọ. Màmá pariwo: “Omi ń jó kẹ̀!” Ni mo bá dá fídíò náà dúró, mo ṣàlàyé pé inú eérú ni orúkọ potassium ti wá. Ní 1807 ni Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi iná mànàmáná yọ ọ́ jáde, ó sì fi orúkọ eérú igi tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń rẹ sómi, tí wọ́n á sè nínú ìkòkò, ìyẹn “potash”, pè é.

Màmá dákẹ́ díẹ̀. “Eérú wa yìí náà?”

Èèpo kòkó la máa ń sun nílé wa. Wọ́n á kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tó nihò nídìí, wọ́n á da omi lé e, ohun tó bá ń kán sílẹ̀ ni wọn á fi se àdín títí yóò fi di ọṣẹ dúdú. Omi yẹn máa ń bó èèyàn lọ́wọ́. Màmá na ọwọ́ wọn sí mi: “Mo mọ̀ pé nǹkan wà nínú ẹ̀. Orúkọ ẹ̀ ni mi ò mọ̀.” Potassium náà ló sì ń jẹ́ kí ọṣẹ wọn rọ̀. Sodium, ẹ́límẹ́ǹtì mìíràn, ló wà nínú ọṣẹ ìfọṣọ tó le bí òkúta.

Ibi tó ti nira ni èdè. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ tààrà, èmi ni mò ń túmọ̀, fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì ń gbà tó wákàtí kan lọ́wọ́ wa. Dátà pàápàá ò ṣẹ́kù. Ẹ fi àwòrán rẹ̀ sí 360p bí tèmi, kò fi bẹ́ẹ̀ dín adùn rẹ̀ kù. Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré nílé, ẹ jókòó tì í, nítorí bí Neil ṣe ń dáná yẹn máa ń wọ ọmọdé lójú.

Èmi fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Màmá ò mọ ti ìràwọ̀. Lánàá ni wọ́n bi mí bóyá bàbá onírun yẹn ti sọ̀rọ̀ nípa káún. Mo ṣì ń wá a.