Cellpose: sọ́fítíwíà tó gba kátà lọ́wọ́ mi

Láàbù tí mo wà ní Ṣágámù níbí, omi ewé la máa ń dà sórí sẹ́ẹ̀lì ká lè mọ èyí tó máa kú àti èyí tó máa yè, ká tó wá kán trypan blue sí i. Èyí tó ti kú á mu aró yẹn bíi àdìrẹ, èyí tó wà láàyè ò ní jẹ́ kó wọlé. Èmi á wá tẹjú mọ́ máíkíróskóòpù, kátà (ẹ̀rọ kékeré tá a máa ń tẹ̀ láti fi ka nǹkan) lọ́wọ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́, títí ọrùn á fi gan, ẹnì kan á sì yọjú lẹ́nu ọ̀nà pé "ẹ kú iṣẹ́ o", ó parí, mo ti gbàgbé ibi tí mo kà dé.

MTT náà wà o, ìyẹn kẹ́míkà tí sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè máa ń sọ di elésè àlùkò, àmọ́ omi ewé míì lè sọ ọ́ di elésè àlùkò fúnra ẹ̀ láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan níbẹ̀, ẹ ó wá máa yọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì yín yè.

Cellpose ló wá ń fa ìlà yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ká nínú fọ́tò báyìí. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ará Ìjẹ̀bú ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo ti fetí sílẹ̀. Carsen Stringer, Marius Pachitariu àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwádìí Janelia ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, ó jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature Methods lọ́dún 2021, nǹkan tó lé ní 70,000 tí wọ́n ti fa ìlà yí ká ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ohun tó wù mi jù ni bó ṣe ń ronú: píksẹ́lì (àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di fọ́tò) kọ̀ọ̀kan á máa forí lé àárín sẹ́ẹ̀lì tiẹ̀, bíi ìgbà tí kálukú ń wá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, àwọn tó bá pàdé síbì kan náà, sẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi ń ya àwọn tó lẹ̀ mọ́ra sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n kò ní sọ fún yín pé lágbájá ti kú o! Ìlà ló máa fà, ẹ̀yin lẹ máa wọn àwọ̀ inú ìlà yẹn. Mi ò tètè mọ̀. Mi ò sì sẹ́ omi ewé mi dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pàǹtírí ewé kan gúnwà láàárín fọ́tò, ó fa ìlà yí òun náà ká bí ọmọlúàbí. Tí lápútọ́ọ̀pù yín ò bá ní GPU, ìyẹn ṣíìpù tó ń mú irú iṣẹ́ yìí yá, ẹ lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́ kẹ́ ẹ tó padà wá wò ó. Láti Cellpose 2.0 ní 2022, ẹ lè ṣàtúnṣe ìlà fúnra yín kẹ́ ẹ sì fi kọ́ ọ ní tiyín, sẹ́ẹ̀lì bíi 100 sí 200 ti tó.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo ṣì ń fọwọ́ ka fọ́tò márùn-ún nínú gbogbo báàṣì kí n fi wé tiẹ̀, torí náà kátà ṣì wà nínú dúróà.