Irin ẹ̀yìn orí fún mọ́tò aláìlórùlé: èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ jókòó sínú mọ́tò yín bí ẹ ṣe máa ń jókòó wà á, kí ẹnì kan mú igi gbọọrọ tó tọ́ dání. Kó fi orí igi kan lé òkè férémù gíláàsì iwájú, kó fi ìkejì lé ibi tí irin tí ẹ fẹ́ rà máa ga dé lẹ́yìn yín. Bí igi yẹn bá kan àtàrí yín, ẹ má wulẹ̀ béèrè iye owó rẹ̀. Ó kéré tán, ó yẹ kí àlàfo 5 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín orí yín àti igi. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ eré ìje mọ́tò ń lò nìyẹn, àwọn yẹn sì ń wọ akoto.

Roll bar ni àwọn mẹkáníìkì ń pe irin ẹ̀yìn orí yìí. Bí mọ́tò bá dojú dé, òun ni kó gba ilẹ̀ dípò orí yín. Ní Ìsọ̀kùn, Iléṣà, ni mo ti gbé bọ́dì fáíbà lé ṣásì Volkswagen ìjàpá, irú mọ́tò tí Bruce Meyers bẹ̀rẹ̀ ní California ní 1964. Ó dùn-ún wò, ó dùn-ún wà, ṣùgbọ́n fáíbà ò lè gba ẹnikẹ́ni bí mọ́tò bá yí ní kọ́nà ọ̀nà Àkúrẹ́ lẹ́bàá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Oríṣi irin márùn-ún ni wọ́n fi lọ̀ mí láàárín Iléṣà àti Ifẹ̀.

Èyí tó ń dán

Méjì-méjì ni wọ́n ń tà á, ọ̀kan lẹ́yìn àga kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ mànà bí ife ẹ̀yẹ. Ẹ gbé e sọ́wọ́, ó fúyẹ́. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bóòtì kéékèèké méjì péré, kò sì sí irin kankan tó tì í lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó lẹ fẹ́ fi yà, ẹ rà á.

Páìpù omi

Èyí ni gbogbo wẹ́dà máa kọ́kọ́ fi lọ̀ yín. "Ẹ̀gbọ́n, èyí nípọn ju ti òyìnbó lọ," ni ọmọkùnrin kan wí fún mi ní Lágéré, Ifẹ̀, kò sì parọ́. Páìpù onísíńkì tí wọ́n ń pè ní íǹṣì kan àbọ̀ fẹ̀ tó 48.3 mílímítà níta, ara rẹ̀ sì sábà máa ń nípọn tó 3.2. Àmọ́ omi ni wọ́n ṣe é fún. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ká, tí wọ́n wá jó ojú rẹ̀ pọ̀, ni. Ojú yẹn ló lè là nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́, tàbí lọ́jọ́ tí mọ́tò bá yí. Síńkì ara rẹ̀ tún ńkọ́? Bí wọ́n bá jó o, èéfín funfun rẹ̀ á mú kí wẹ́dà máa gbọ̀n lálẹ́ ọjọ́ yẹn bí ẹni ibà ń ṣe. Wọn á ní kó mu mílíìkì. Mílíìkì ò ṣe nǹkan kan sí i; kó ha síńkì kúrò níbi tó fẹ́ jó, kó sì dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

Mo ti jẹ nínú ìyà yìí. Wẹ́dà tí mo kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún fi iná mú páìpù omi gbóná kó tó tẹ̀ ẹ́. Ibi tó tẹ̀ fún pẹrẹsẹ bí agolo tí èèyàn fẹsẹ̀ tẹ̀. Mo ní kí ló dé, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọ̀dà á bò ó." Irin náà ló wà lẹ́yìnkùlé wa báyìí, ìyàwó mi ń sá aṣọ lé e.

Páìpù tí kò lójú ìjó

Èyí ni mo padà rà. Odidi irin ni wọ́n lu ihò sí tí wọ́n sì fà gùn, kò sí ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. FIA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìje mọ́tò lágbàáyé, gba ìwọ̀n méjì láàyè fún irin ńlá tó wà lẹ́yìn awakọ̀: 45 mílímítà tó nípọn 2.5, tàbí 50 tó nípọn 2.0. Àwọn irin tó tì í lẹ́yìn lè jẹ́ 38 tó nípọn 2.5, tàbí 40 tó nípọn 2.0.

Ọkàn mi fà sí 50. Mítà kan rẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi 2.4 kìlógíráàmù, ti 45 sì tó 2.6, síbẹ̀ 50 ló ṣòro tẹ̀ jù, torí bí páìpù bá ṣe fẹ̀ tó ló ṣe ń lágídí tó. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ìtẹpáìpù ló gba 50, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó páìpù. Ní tútù ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kọ́nà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ká jù: láti àárín ìyípo dé àárín páìpù gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ìbú rẹ̀, ìyẹn 15 sẹ̀ǹtímítà fún 50. Ẹ wọn ibi tó tẹ̀. Bí ibi tó fún jù níbẹ̀ ò bá tó 45 mílímítà, ẹ dá a padà.

Ẹ lè gbọ́ nípa chromoly, irin tí wọ́n po chromium àti molybdenum mọ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4130. Irin gidi ni, ó sì lè fúyẹ́ ju èyí lọ, ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá jó o, ẹ̀gbẹ́ ojú ìjó lè sán. Fún mọ́tò tí ẹ fẹ́ máa gbé lọ sí Ifẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo rò pé ìnáwó àṣejù ni.

Tòkúnbọ̀

Èyí tí wọ́n tú lára Mazda MX-5, mọ́tò kékeré aláìlórùlé, ló wọ́pọ̀ nínú àwọn tí mo rí. Àwọn tó dáa nínú wọn dáa gan-an, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ MX-5 ni wọ́n bí i mọ́. Bí ẹ bá ní láti gé e kí ẹ sì tún un jó kó tó bá mọ́tò yín mu, ọwọ́ wẹ́dà lẹ padà sí yẹn. Èyí tó bá sì ti fi ara gbọgbẹ́ nínú ìjàǹbá rí, bó tiẹ̀ ṣe díẹ̀ ló wọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún oníṣòwò irin àlòkù.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò

Ẹni tó ń rajà máa ń wo páìpù; ẹsẹ̀ ni èmi ń wò. Ilẹ̀ ìjàpá páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Bí ẹ bá gbé irin tó dáa jù láyé lé e lásán, ọjọ́ tí mọ́tò bá yí, ẹsẹ̀ irin á gba inú páànù kọjá, orí yín á sì tún wà nílẹ̀ náà ni. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ṣásì ti le ni kó dúró sí, kí irin kan so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ nísàlẹ̀. Awo irin tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ tín ju 3 mílímítà lọ, kó sì tó 10 sí 12 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti òró. Bóòtì M8 (tó fẹ̀ tó 8 mílímítà) mẹ́ta fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán.

Irin tí kò ní ìtìlẹ́yìn máa ń dùbúlẹ̀ ni. Irin méjì gbọ́dọ̀ ti ìtòsí orí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́yìn, kí wọ́n fi ó kéré tán 30 dígírì yà kúrò lára òòró. Tèmi dúró lórí irin sọ́kì ẹ̀yìn, bóòtì méjì-méjì. Irin kan tó dábùú láti igun dé igun ni kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ odidi ẹyọ kan tó gba ẹ̀yìn àga méjèèjì ju kéékèèké méjì lọ: àwọn kéékèèké ò ní ibi tí ìdábùú yìí máa gbà.

Fóòmù bẹ́ẹ̀dì kọ́ ni ẹ máa wé mọ́ ọn o. Ó máa ń tẹ̀ títí dé irin lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yin tí ẹ ò wọ akoto lẹ sì máa forí gbá a. Fóòmù líle tí wọ́n kọ SFI 45.1 sí lára, ìyẹn àmì àjọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣòfin ohun èlò ààbò fún eré ìje mọ́tò, ni kí ẹ wá. Bẹ́líìtì tó gba èjìká kọjá sì pọn dandan, torí ẹni tí kò dè é á ti fò jáde kí irin tó ríṣẹ́ ṣe.

Ní ti owó, ìdajì ni mo san ṣáájú. Nígbà tí wẹ́dà gbé iṣẹ́ dé, ó lóṣòó sí iwájú ilé bí òṣómàáló gidi, ó ń retí ìyókù. Mo gba tọ́ọ̀ṣì, mo wọ abẹ́ mọ́tò, mo ń wá 8.8, àmì tó ń sọ bí bóòtì ṣe lágbára tó, lórí bóòtì kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án ní i. Ẹ̀kẹwàá dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ó dìde, ó lọ wá òmíràn wá, mo tó ka owó sí i lọ́wọ́.