Ọkọ̀ àdáni láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà dé Ṣàngótẹ̀dó: ohun tí mo sanwó fún gan-an

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, èmi àti ìyá mi bọ̀ láti Heathrow, a sì balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Ìyá mi jẹ́ ẹni ọdún 74. Ó ti lo oṣù mẹ́jọ lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin tó bímọ sí London, mi ò sì tíì rí ìyá àgbà tó lo oṣù mẹ́jọ ní London tó fi báàgì kan ṣoṣo padà wálé. Báàgì ńlá márùn-ún ni tiwa, láì ka èyí tó gbé sórí ẹsẹ̀ láti Heathrow wá tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé. Àbúrò mi ọkùnrin ló máa ń wá gbé wa tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì fún ọ̀sẹ̀ méjì, ló bá di pé kí n wá ọkọ̀ tí a ó háyà sílẹ̀ kí a tó kúrò ní London.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lo ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, nígbà tí a ń bọ̀ àti nígbà tí èmi nìkan ń padà. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí pé ohun tí mo rí lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe tiwọn nìkan. Ohun tí ó yé mi lẹ́yìn ìrìn méjèèjì ni pé ìdúró ni wọ́n ń tà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ lè gbé ènìyàn láti Ìkẹjà dé Ṣàngótẹ̀dó, ní ìsàlẹ̀ Ajah, níbi tí ilé wa wà. Ẹni tí yóò dúró deni títí a ó fi jáde, tí kò ní bínú, tí kò sì ní sá lọ gbé èrò mìíràn, òun ló ṣòro láti rí. Nítorí náà, ibi tí ọ̀rọ̀ ìdúró wà nínú àdéhùn ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ kà, ibẹ̀ gan-an ni èmi sì sáré kọjá.

Bí a ṣe ń bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ kò le. Fọ́ọ̀mù kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń béèrè nọ́ńbà bàlúù, iye èrò, iye ẹrù, àdírẹ́sì ibi tí à ń lọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí yóò gbà wá lálejò. Mo kọ aago tí bàlúù yóò balẹ̀ sí i pẹ̀lú, ṣùgbọ́n obìnrin tó dá mi lóhùn lórí WhatsApp sọ pé nọ́ńbà bàlúù nìkan ti tó àwọn, pé òun ni àwọn yóò fi máa wo ibi tí ó dé lójú ọ̀run, òun ni yóò sì sọ fún àwọn bóyá ilé tuntun tí wọ́n ṣí ní ọdún 2022 ni a ó ti jáde, tàbí ilé àtijọ́ tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1979. Èyí dára púpọ̀, nítorí pé nínú oṣù Kejìlá, wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣáájú London, mo sì mọ ẹni tó ti fi aago London pe dírẹ́bà sí Ìkẹjà, tí dírẹ́bà sì jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan gbáko.

Ìbéèrè nípa ẹrù ló pinnu irú ọkọ̀. Camry jẹ́ ₦45,000, Sienna sì jẹ́ ₦60,000. Mo fẹ́ mú Camry. Obìnrin náà fèsì pé, “Ẹ̀gbọ́n, Camry á gba mẹ́ta sínú búùtù, ìkẹrin á jókòó ti Mummy, ìkarùn-ún á jókòó lé yín lẹ́sẹ̀.” Mo mú Sienna. Ìdajì owó ni wọ́n gbà ní àsansílẹ̀, ìyókù di ìgbà tí a bá délé.

₦60,000 kì í ṣe owó kékeré. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, kò sí ìrìnnà kankan l’Ékòó tó dúró sí iye tó wà tẹ́lẹ̀, oṣù Kejìlá sì ni oṣù tí gbogbo ará òkè òkun ń wọ́ bọ̀ wálé tí owó ọkọ̀ náà sì ń bá wọn gòkè. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, mo yẹ ọkọ̀ orí fóònù wò fún ìfiwéra, iye tó gbé jáde kò pé ìdajì owó yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbìyànjú rẹ̀ rí láti Ìkẹjà lọ sí ìsàlẹ̀ Ajah lóru mọ bí ó ti máa ń rí: dírẹ́bà á kọ́kọ́ pè, á béèrè ibi tí ẹ ń lọ, á béèrè bóyá owó ọwọ́ ni tàbí káàdì, tí ẹ bá sì ti dárúkọ Ṣàngótẹ̀dó, kò ní gbé fóònù mọ́. Bí mo bá dá nìkan wà, mo lè fara da irú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹnì kan tó gbà. Kì í ṣe pẹ̀lú ẹni ọdún 74 lórí ìdúró.

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 12 ni bàlúù balẹ̀. Nítorí pé a ti bá ìyá mi tọrọ àga onítáyà, kíá ni a kọjá lọ́dọ̀ àwọn tó ń wo ìwé ìrìnnà. Ẹni tó ń ti àga náà mọ gbogbo ènìyàn, gbogbo ènìyàn ló sì ń kí ìyá mi káàbọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹrù ni ọ̀rọ̀ ti dúró. Bẹ́líìtì yí, ó dúró, ó tún yí. Ìyá mi ti fi àjákù aṣọ ànkárá aláwọ̀ ewé so etí báàgì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí a lè dá wọn mọ̀. Mẹ́rin jáde láàárín ogójì ìṣẹ́jú, ìkarùn-ún kò sì yọjú títí àwọn tí a jọ dúró fi ń dínkù lọ. Èmi ń wo ẹnu ibi tí ẹrù ti ń jáde, mi ò ronú kan aago rárá. Àdúrà ni ìyá mi ń gbà ní tirẹ̀, ó sì dá a lójú títí di òní pé àdúrà ọ̀hún ló tì í jáde. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni a fẹsẹ̀ kan ìta.

Kí a tó jáde ni awakọ̀ ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó bá ń pè yín ní ọ̀gá. Èmi ò ní pè yín ní ọ̀gá, orúkọ Mummy ni mo kọ sí pépà.” Ọ̀rọ̀ yìí wúlò ju bí ó ti rí lójú lọ, nítorí pé a kò tíì gbé ẹsẹ̀ kẹta níta tí àwọn agbèrò fi yí wa ká, ọ̀kan ti di trọ́lì mú, òmíràn ń sọ pé òun ni ilé-iṣẹ́ rán wá. Mo bi í léèrè orúkọ tí wọ́n fún un. “Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni?” ni ó dáhùn. Lẹ́yìn wọn ni mo rí pépà náà: orúkọ ìyá mi wà níbẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú àmì orí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní pípé, ohun tí mi ò rí gbà lọ́wọ́ ilé ìfowópamọ́ mi láti ogún ọdún. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé e dání dọ̀bálẹ̀ fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó kí ìyá mi káàbọ̀, ó sì gba báàgì orí ẹsẹ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi gbé e fún un. Ẹnu yà mí.

Níbi ìgbọ́kọ̀sí, lẹ́yìn tí ó ti to ẹrù tán, ni ó fa fóònù yọ pẹ̀lú ìtìjú. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọ́fíìsì ní kí n fi èyí hàn yín.” Owó ìdúró ni: ₦10,000. Ìṣẹ́jú 60 ni wọ́n fi ń dúró lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ₦5,000 ni fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò bá sì pé ọgbọ̀n, wọ́n kà á sí odidi. Èmi lérò pé ìgbà tí mo bá jáde sí ìta ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú 60 náà. Mo pe obìnrin orí WhatsApp, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ka àdéhùn sí mi létí: láti ìgbà tí táyà bàlúù bá ti kan ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a sì kọ ọ́, ní ìsàlẹ̀ rísíìtì tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Mo gbà pé ohun tí a kọ ni a kọ. Àwọn náà ń sanwó ìgbọ́kọ̀sí, awakọ̀ náà sì ti wà níbẹ̀ láti aago márùn-ún ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń gbé èrò láti Ìkẹjà lójoojúmọ́ mọ bí bẹ́líìtì ẹrù ṣe ń ṣe ní oṣù Kejìlá ju èmi tí mo ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lọ. Tí wọ́n bá wá fi wákàtí kan lélẹ̀ láti ìgbà tí bàlúù balẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni kò ní lè bá a. Owó tí wọ́n mọ̀ pé àwọn yóò gbà ni, ó sì yẹ kí wọ́n gbé e sínú iye àkọ́kọ́ kí oníbàárà rí i. A jọ dúnàádúrà, wọ́n sì gba ₦5,000. Ìyá mi, tí kò sọ ohunkóhun láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, wá bi awakọ̀ pé, “Ọkọ mi, ṣé o ti jẹun láti aago márùn-ún ààbọ̀?” Kò tíì jẹun. Bísíkíìtì inú báàgì orí ẹsẹ̀ ló fi gba ọ̀nà Òṣòdì.

Ìrìn náà fúnra rẹ̀ kò ní àléébù kankan. Ọkọ̀ mọ́, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn kò há sínú tìmùtìmù bí a ti máa ń rí i nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Òṣòdì, Gbàgádà, Ọ̀wọ́rọ̀ńṣókí, a bọ́ sórí Third Mainland. Afárá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kìlómítà 12, ìyá mi sì ní kí wọ́n sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀. Èéfín ẹja láti Màkókó wọlé. “Ẹ̀n-ẹ́n,” ni ó wí, “a ti dé.” Lẹ́yìn náà ni awakọ̀ béèrè bóyá kí òun gba afárá Ìkòyí sí Lekki, níbi tí wọ́n ti ń gba owó ojú ọ̀nà, tàbí kí ó yí gba Fálómọ̀. Mo ti múra àríyànjiyàn kejì sílẹ̀ lórí ẹni tí yóò san án, ṣùgbọ́n ó san án láti àpò ilé-iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti san ti ẹnu ọ̀nà FAAN, àjọ tó ń bójú tó pápákọ̀ òfurufú. Ìyẹn náà wà nínú àdéhùn, mi ò sì rí i tẹ́lẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò ka ibi tó burú kò ní ka ibi tó dára. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a délé. Mo bi í léèrè bóyá ₦5,000 owó ìdúró yẹn máa dé ọwọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run ló mọ̀.” Mo fún un ní ₦3,000 lọ́wọ́.

Ti ìpadàbọ̀, ní oṣù Kìíní, kò tó bẹ́ẹ̀. Camry ni mo mú nítorí pé báàgì méjì péré ni mo ní. Bàlúù aago mọ́kànlá alẹ́ ni, wọ́n sì ní kí n jáde nílé ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo ní aago márùn-ún ti tó. Wọ́n bẹ̀ mí, mo kọ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo yan aago náà, mo kọ ọ́. Wọ́n jàre. Ọjọ́ iṣẹ́ ni, ìrọ̀lẹ́ sì ni gbogbo òṣìṣẹ́ Erékùṣù ń gba Third Mainland padà sílé. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ajah, kò sì tú títí a fi kọjá Ọ̀wọ́rọ̀ńṣókí. Aago mẹ́sàn-án kọjá ni mo wọlé, mo wà lára àwọn tó gbẹ̀yìn síbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù, òógùn sì bò mí, nítorí pé ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ náà ti kú. Awakọ̀ tí wọ́n rán wá lọ́jọ́ náà, àgbàlagbà kan, sọ fún mi láìtijú pé fèrèsé ni AC lónìí. Mo kọ̀wé sí wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi fèsì, lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ₦8,000 padà láìsí àwáwí. Mo gbà á, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kìíní ni ó yẹ kí ẹnì kan ti dáhùn.

Ìyá mi tún ń lọ sí London ní oṣù Kẹjọ, mo sì ti bá ilé-iṣẹ́ kan náà sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tí yóò padà. Mo béèrè fún awakọ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Mo sì kọ ọ́ sí wọn lórí WhatsApp pé kí ìdúró ọ̀fẹ́ jẹ́ ìṣẹ́jú 90 fún ẹni tó bá ní báàgì ju mẹ́ta lọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára rísíìtì kí n tó san àsansílẹ̀; wọ́n sì fèsì pé àwọn gbà. Rísíìtì náà dé ní àná. Mo ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí n tó ka òkè.