Kúlà Oníbejì tàbí Ẹlẹ́yọ? Ẹ Wọn RAM Yín Kí Ẹ Tó Sanwó

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi pé kúlà tí mo rà kò wọ inú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi kúlà omi tútù ṣe nínú kọ̀ǹpútà. N kò rẹ́rìn-ín. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin sí Ojúde Ọba, mo sì ti gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mẹ́ta tó fẹ́ fídíò.

Kúlà tí mò ń sọ ni irin pẹ̀lú fáànù tó ń mú CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tutù. Oníbejì ní òkìtì irin méjì, fáànù kan láàárín, òmíràn níwájú. Ẹlẹ́yọ ní òkìtì kan, fáànù kan. Ní ti ká mú CPU tutù, oníbejì ló mókè. Ní ti owó, ẹlẹ́yọ ló rọrùn. Ní ti ìwọ̀n, oníbejì kan tí wọ́n ń pè ní Noctua NH-D15, pẹ̀lú fáànù méjèèjì, lé ní kìlò kan. Ẹni tó ń gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ṣágámù kó ro ti kòtò ojú ọ̀nà mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ RAM, pátákó ìrántí tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ CPU, ló jẹ mí lówó. Orí RAM ni fáànù iwájú oníbejì máa ń gùn. Ti NH-D15 yìí fi mìlímítà 32 péré sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. RAM lásán, tí kò wé gèlè irin, ga ju 31 lọ díẹ̀, ó wọlé. Ṣùgbọ́n RAM G.Skill Trident Z, tó wé gèlè, ga tó 44. Ẹ lè gbé fáànù sókè ní 12, kúlà tó ga ní 165 á wá di 177. Kéèsì, àpótí kọ̀ǹpútà, mélòó ló gba ìyẹn?

Tèmi kì í ṣe NH-D15, ṣùgbọ́n oníbejì ni, RAM mi sì ń tàn yòò bí aṣọ ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba. Mo gbé fáànù sókè, ìlẹ̀kùn kéèsì kò dé mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi í sílẹ̀ gbayawu títí ọyẹ́ fi dé, tí ẹ̀rúkù kún inú rẹ̀ bí ẹlùbọ́. Ẹni tó ta kúlà náà fún mi ní òun ò gbà á padà, torí mo ti fi thermal paste, ìpara tó ń gbé ooru CPU lọ sára kúlà, kùn ún. Wọ́n máa ń ní ahun ni wá ní Ìjẹ̀bú. Ká ní mo ṣahun lọ́jọ́ yẹn ni!

Ẹ lè yọ fáànù iwájú NH-D15, àyè RAM á di 64, á sì ṣì máa tutù dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ ti sanwó fáànù méjì.

Ẹlẹ́yọ bíi NH-U12S ga ní 158, kì í sì í gun orí RAM. Bí ẹ bá fẹ́ fi RAM kún un lọ́la, ẹ kò ní fọwọ́ kan kúlà rárá.

Kúlà olómi, tó ń fi omi mú CPU tutù, kì í bá RAM jà, àfi bí ẹ bá so rédíétọ̀ rẹ̀ mọ́ òkè kéèsì kékeré. Ṣùgbọ́n ó ní pọ́ǹpù, pọ́ǹpù sì ń kú.

Ẹ fi rúlà wọn RAM láti eyín wúrà rẹ̀ títí dé ṣóńṣó orí. Bí kò bá ju 32 lọ, tí kéèsì yín gba 165, tí CPU yín sì ń gbóná gan-an, oníbejì kò burú. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, ẹ mú ẹlẹ́yọ.

Ẹlẹ́yọ tí èmi náà padà mú ti ṣe Ojúde Ọba méjì báyìí. Ìlẹ̀kùn kéèsì dé.