Bouche du Roy, Grand-Popo: ẹ náwó sórí ọkọ̀ ojú omi, ẹ má wẹ òkun

Ẹni tó ń wá àga ìrọ̀gbọ̀kú àti orin létí omi, kó dúró sí Grand-Popo. Ní Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti já sínú òkun ní orílẹ̀-èdè Benin, iyanrìn, òkun àti ọ̀sà nìkan lẹ máa bá, ìyẹn gan-an ló mú kó yẹ ní lílọ.

Láti Kùtọnu, ẹ wọ takisí tó ń lọ sí Hillacondji, ẹnubodè Benin àti Togo. Ó tó kìlómítà 80. Ẹ tètè sọ pé oríta Grand-Popo lẹ ti máa bọ́, kí wọ́n má baà gbé yín kọjá. Zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà wọn, ló ń gbé èèyàn wọ ìlú.

Láti ìlú, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn dé Bouche du Roy, ìdí rẹ̀ sì ni ìjà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi atukọ̀ bóyá owó tó dá jẹ́ ti ọkọ̀ tàbí ti orí kọ̀ọ̀kan, bóyá àlọ àtàbọ̀ ni, àti wákàtí mélòó ló máa dúró. Ẹ san díẹ̀, kí ìyókù di ìgbà tí ẹ bá padà. Ṣẹ́ńjì sẹ́fà ṣe pàtàkì. Ọkọ̀ tí kò bá ní ẹ̀wù ìléfòó, ẹ fi sílẹ̀.

Igi ẹ̀gbà (mangrove) ló pọ̀ lọ́nà. Àwọn ará ibẹ̀ fi Zangbeto, òrò aṣọ́lùú wọn tó ń jáde bí eégún, ṣọ́ apá kan igbó náà, bí àwa ṣe ń bẹ̀rù igbó orò. Ẹ má ya ẹ̀ka kankan. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ yà lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń se iyọ̀: wọ́n á ha erùpẹ̀ oníyọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á da omi lé e, èyí tó bá jò sísàlẹ̀ ni wọ́n á gbé kaná títí iyọ̀ á fi funfun nísàlẹ̀ ìkòkò.

Òkun ńkọ́? Ẹ wò ó ni. Etí rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, ìgbì á fọ́ lójijì, omi tó ń padà á gbá èèyàn lẹ́sẹ̀. Ẹnu odò tún burú jù: bí omi òkun bá ń fà, omi ọ̀sà á tú gba ojú tóóró yẹn, kò sì sí òmùwẹ̀ tó lè bá a jà. Ẹnu náà kì í dúró lójú kan, nítorí náà máàpù orí fóònù lè ṣì yín lọ́nà.

Kò sí ibòji, kò sí ẹni tó ń tajà. Lítà omi 2 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan kò pọ̀ jù. Òwúrọ̀ ló dáa, nítorí atẹ́gùn ọ̀sán máa ń ru ọ̀sà sókè.

Ìjàpá òkun máa ń gun iyanrìn yìí lóru láti yé ẹyin. Tí ẹ bá sùn síbẹ̀, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì: ìmọ́lẹ̀ máa ń lé ìyá padà sómi, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á sì forí lé ọ̀dọ̀ yín dípò òkun.