Ṣakabùlà Olókùúta àbí Oní-káàpù: Èwo Ni Kẹ́ Ẹ Kówó Lé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ṣakabùlà àtijọ́, tàbí tí bàbá yín fi ọ̀kan sílẹ̀ tẹ́ ẹ sì fẹ́ tà á, mo ti ní oríṣi méjèèjì rí. Olókùúta kan mú kí n pàdánù owó gan-an, oní-káàpù kan ṣì wà lára ògiri mi dòní. Ní kúkúrú, olókùúta ni èyí tí òkúta ń ṣá irin lára ẹ̀ kí iná lè ta sínú àwo ẹ̀tù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀; oní-káàpù ni èyí tí òòlù ẹ̀ ń lu káàpù, ìyẹn fìlà irin kékeré tó ń gbiná tí wọ́n bá lù ú.

Ká tiẹ̀ tó sọ nǹkan kan: ẹ ti igi tín-ín-rín bọ ẹnu ìbọn kó dé ìsàlẹ̀, ẹ sàmì sí i, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn lóde. Tí kò bá gùn dé ìdí ihò iná, ìyẹn ihò kékeré tí iná ń gbà wọ inú ìbọn, ẹ̀tù àti ọta lè ṣì wà nínú ẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ gbé e lọ fẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tú.

Ọjọ́ orí, olókùúta ló jù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1600 ni wọ́n ti ń lò ó, nígbà tó jẹ́ pé 1807 ni Forsyth, pásítọ̀ ará Scotland kan, gbàwé àṣẹ fún ẹ̀tù tó ń gbiná tí wọ́n bá lù ú, káàpù gangan sì dé lẹ́yìn ìyẹn. Torí ẹ̀ lowó olókùúta ṣe máa ń ga, owó gíga yẹn náà ló sì ń fa jìbìtì.

Ẹ gbọ́ o. Nígbà tí káàpù dé, àwọn ìjọba ò kó ìbọn tí wọ́n ní dànù, ṣe ni wọ́n yí wọn padà. Model 1816, ìbọn olókùúta àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló di oní-káàpù: wọ́n tú àwo ẹ̀tù kúrò, wọ́n tú irin tí òkúta ń ṣá kúrò, wọ́n gbé ibi tí káàpù ń jókòó sí lé e. Láyé ìsinsìnyí, àwọn kan tún ń dá a padà sí olókùúta kó lè pa owó. Irú ẹ̀ ni mo rà, ẹni tó tà á fún mi búra pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án rí, èmi náà ń wo idẹ ara ẹ̀ tó ń dán, mi ò wo ihò iná. Ọjọ́ tí mo fẹ́ tà á, ọkùnrin tó fẹ́ rà á tú lọ́ọ̀kì, ìyẹn ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ ìbọn tó ń yìn ín, kúrò lára igi, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ wo òrùka yìí." Òrùka tín-ín-rín kan ló yí ihò náà ká bíi bọ́tìnì, irin àárín ẹ̀ sì mọ́ ju ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ. Wọ́n ti fi irin dí ihò ńlá tó ṣẹ́ kù látìgbà tó jẹ́ oní-káàpù, wọ́n wá lu ihò kékeré sáàárín. Ìdajì owó mi ni mo rí gbà, ó dùn mí wọra.

Nítorí náà ẹ tú lọ́ọ̀kì wò. Ẹ wá ihò nọ́ọ̀tì tí wọ́n ti dí. Tí gbogbo ara ìbọn bá ti dípẹtà tí àwo ẹ̀tù nìkan wá mọ́ tónítóní, ẹ máa lọ. Èyí tí wọ́n lò dáadáa, àpá òkúta á wà lójú irin tó ń ṣá, iná á sì ti jẹ igi tó wà lẹ́yìn àwo ẹ̀tù díẹ̀.

Oní-káàpù ò ní wàhálà yẹn. Ayédèrú ló wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣe tuntun ní Ítálì, àmọ́ ìyẹn rọrùn láti mú: ẹ yọ irin kúrò lára igi, ẹ wo abẹ́ ẹ̀, bóyá ẹ máa rí "Black Powder Only" (ẹ̀tù dúdú nìkan) tàbí lẹ́tà méjì nínú àpótí kékeré tó ń tọ́ka sí ọdún tí wọ́n ṣe é. Ibi tí wọ́n bá ti fi fáìlì há nǹkan kúrò, ẹ bi í léèrè. Enfield 1853, oní-káàpù àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tiẹ̀ ṣeé wọ̀n: fífẹ̀ ihò ẹnu ẹ̀ jẹ́ ínṣì .577, irin gígùn ẹ̀ jẹ́ ínṣì 39.

Ìwúwo, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìtọ́jú, ẹ má fi sáńpépà bọ́ ara ẹ̀, owó lẹ ń bọ́ dànù yẹn. Òfin, ẹ wo ti ibi tẹ́ ẹ wà. Amẹ́ríkà ka èyí tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú sí àtijọ́.

Méjèèjì ló dáa. Ẹni tó bá lẹ́ni tó mọ lọ́ọ̀kì tú, kó ra olókùúta, ó lẹ́wà. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìbọn àkọ́kọ́ yín nìyí, ẹ mú oní-káàpù, èyí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á ò bá sì jẹ́ kẹ́ ẹ tú u wò, ẹ dá owó yín padà sápò.