Ìwé ìbéèrè kọ́mọ̀n éntíráǹsì tí wọ́n ń tà ní Àkúrẹ́: èwo ló yẹ kí òbí náwó lé?

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní prámárì 5 tàbí 6, ẹ ti mọ ìwé tí à ń sọ. Ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ni, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní past question. Oríṣi mẹ́ta ni ẹ ó bá pàdé tí ẹ bá ń wá a káàkiri Ọjà Ọba àti òpópónà Ọba Adésidà: èyí tí ilé ìtẹ̀wé tẹ̀, tó ní èèpo líle; èyí tí wọ́n fọtokọ́pì, tí wọ́n wá fi pín-ìn-nì gán pọ̀; àti èyí tó wà lórí fóònù. Ẹni tó ń tà á á ní kò sí ìyàtọ̀, pé ìbéèrè kan náà ló wà nínú wọn. Ìyàtọ̀ wà, ó sì pọ̀.

Ìdánwò NECO, àjọ ìdánwò ìjọba àpapọ̀, là ń bá wí, National Common Entrance, èyí tí wọ́n fi ń gba ọmọ sí ilé ìwé ìjọba àpapọ̀, irú bíi Federal Government Girls' College ní Àkúrẹ́ níbí àti Federal Government College ní Ìdóàní. Ìpele méjì ni: Ìṣirò, Sáyẹ́ǹsì, English àti Social Studies wà nínú ti àkọ́kọ́; Quantitative (àròjinlẹ̀ nọ́ńbà), Vocational (iṣẹ́ ọwọ́) àti Verbal (àròjinlẹ̀ ọ̀rọ̀) wà nínú ìkejì. Ìwé tí kò bá ní ìpele kejì, ààbọ̀ ìwé lẹ rà. Ó sì pọ̀ lórí àtẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí wọ́n fọtokọ́pì, torí òun ló pọ̀ jù lọ, owó rẹ̀ ló sì rọjú jù lọ. Ohun tó ń bà á jẹ́ kò ju àmì kékeré lọ. Pọ́ìntì inú ìṣirò kì í hàn mọ́ tí wọ́n bá ti ṣe ẹ̀dà látara ẹ̀dà lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin: 2.5 á di 25. Ọmọ á fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, á ní 250, ìwé á ní 25. Ọmọ ò ṣì, ìwé ló ṣì, ṣùgbọ́n ọmọ náà la máa bá wí. Ibi tó tún ti máa ń burú ni àwòrán ìdá. Róbótó tí wọ́n pín sí mẹ́jọ, tí wọ́n kun mẹ́ta nínú rẹ̀, á dúdú láti òkè délẹ̀ bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìbéèrè abẹ́ rẹ̀ sì ń bi ọmọ pé ìdá mélòó ni wọ́n kùn.

Àlébù rẹ̀ kejì ni ojú ewé ìdáhùn. Àwọn tó ń ṣe àkójọ yìí máa ń da ìwé ọdún mẹ́rin márùn-ún pọ̀ mọ́ra, ìdáhùn ọdún kan á wá bọ́ sábẹ́ ọdún mìíràn. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: tí ọmọ tó mọ ìṣirò bá ṣàdédé gba 8 nínú 40, ẹ má tíì jágbe mọ́ ọn. Ẹ fi ìdáhùn rẹ̀ wé ìdáhùn ọdún tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ lẹ ti máa rí i pé ó gba 31.

Ti ilé ìtẹ̀wé sàn jù, àmọ́ òun náà ní tiẹ̀. Quantitative ni àṣírí rẹ̀ ti máa ń tú. Ẹ wo irú ìbéèrè yìí. Wọ́n fi àpẹẹrẹ méjì hàn ọmọ: 3 àti 7 mú 22 wá, 5 àti 4 mú 21 wá. Wọ́n wá ní kí ni 6 àti 8 máa mú wá? Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, kí ẹ fi 1 kún un: 21 pẹ̀lú 1, 20 pẹ̀lú 1, nítorí náà 49 ni ìdáhùn. Ìwé tí kò dára á kọ 48, torí ẹni tó ṣe ìdáhùn gbàgbé 1 yẹn. Ìwé tó dára á kọ 49, á sì ṣàlàyé bó ṣe débẹ̀ ní ìlà kan. Àlàyé ìlà kan yẹn gan-an ni owó tí ẹ san lé e. Ìdí ni pé ọmọ tó bá wo àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ nìkan lè sọ pé 3 lọ́nà 5, kí á fi 7 kún un, ó ṣáà jẹ́ 22. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tó bá dán an wò lára àpẹẹrẹ kejì, 5 lọ́nà 5 pẹ̀lú 4 á jẹ́ 29, kò sì ní bá a mu. Ọmọ tí wọn ò kọ́ láti máa fi àpẹẹrẹ kejì dán òfin tó rí wò, ibẹ̀ ló ti máa ń pàdánù máàkì jù, kódà kó mọ táìmù tébù dé orí 15.

Social Studies ni ẹ máa fi mọ ọjọ́ orí ìwé. Èèpo lè jẹ́ ti ọdún yìí kí inú rẹ̀ jẹ́ ti ọdún gbọọrọ. Ẹ wá Ọjọ́ Ìjọba Tiwantiwa nínú rẹ̀: tó bá ṣì wà ní 29 oṣù Karùn-ún, wọn ò tíì fọwọ́ kan ìwé yẹn láti ṣáájú 2019, torí 12 oṣù Kẹfà la ń ṣe é báyìí. Ẹ wo orin orílẹ̀-èdè: ti àtijọ́ ni ìjọba dá padà ní oṣù Karùn-ún 2024. Ẹ wo orúkọ gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó: Akérédolú kú ní oṣù Kejìlá 2023, Ayédatiwa ló sì gbapò. Tí nǹkan mẹ́ta yìí bá ti ṣì, ẹ dá ìwé padà sórí àtẹ. Ti ìjọba ìbílẹ̀ 18 kò yí padà ní tirẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ìyẹn dán an wò.

Ti orí fóònù wúlò fún ohun kan ṣoṣo: English àti Verbal, nínú ọkọ̀, fún ìṣẹ́jú 15. Ó máa ń sọ fún ọmọ lójú ẹsẹ̀ pé ó gbà tàbí ó kùnà, ọmọ á sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ títí ó fi máa bọ́ sí i. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò kò sí àtẹ̀túntẹ̀. Ìpolówó eré kò sì ní jẹ́ kó gbádùn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣe báyìí níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ ṣí i sí ojú ewé ìdá, kí ẹ wò ó bóyá ibi tí wọ́n kùn yàtọ̀ sí ibi tí wọn ò kùn. Ẹ ka nọ́ńbà ojú ewé láti ibi kan dé ibi kan, torí ojú ewé máa ń fò. Ẹ mú ìbéèrè ìṣirò márùn-ún, kí ẹ fi fóònù yín ṣe é, kí ẹ wo ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé. Tí méjì bá ṣì nínú márùn-ún, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà kí ẹ ṣí ìwé, ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àlébù kan wà tó kan gbogbo wọn, àti olówó gọbọi àti olówó pọ́ọ́kú: wọn kì í fi ìwé ìdáhùn tí ọmọ máa kùn sí i. Ẹ̀rọ ló ń ka ìdáhùn NECO, pẹ́ńsùlù HB ni ọmọ á sì fi kùn ún. Ẹ fi rúlà fa tiyín sórí ìwé kan, nọ́ńbà 1 dé 60, lẹ́tà A dé E níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣe ẹ̀dà 20. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kí ọmọ fo ìbéèrè 17, kó wá kun ìdáhùn 18 sí ojú 17. Gbogbo ìyókù ti wọ́ nìyẹn. Ẹ kọ́ ọ pé lẹ́yìn ìbéèrè márùn-ún márùn-ún kó fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà méjèèjì. Kó má kun lẹ́tà méjì, kó má fi rọ́bà tó ti dọ̀tí pa á rẹ́, torí àbàwọ́n dúdú lè dà bí ìdáhùn kejì lójú ẹ̀rọ.

Nípa bí ẹ ṣe máa lò ó: ẹ ya ojú ewé ìdáhùn kúrò lọ́jọ́ tí ẹ rà á, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí yàrá yín. Ọdún kan lọ́sẹ̀ kan ti tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ má ka aago sí i lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú kan fún ìbéèrè kan, láìsí ẹ̀rọ ìṣirò. Èyí tó bá kùnà, kó kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ ọ̀tọ̀, kó tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méje láìwo ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó ṣe ọdún márùn-ún báyìí mọ̀ ju ẹni tó sáré ka ogún ọdún lọ.

Ẹni tó bá ní máàkì ààbọ̀ ti tó, kó rántí pé máàkì tí wọ́n fi ń gbà wọlé yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ní 2013, ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó nílò 126, ọkùnrin àti obìnrin; ọmọ Zamfara nílò 4 tó bá jẹ́ ọkùnrin, 2 tó bá jẹ́ obìnrin. Kò dùn mọ́ni, àmọ́ ìdí nìyẹn tí ìwé tó kún fún àṣìṣe fi ń pa ọmọ tiwa lára ju ọmọ ẹlòmíràn lọ.

Àwọn ilé lẹ́sìnnì kan ní Ìjàpọ̀ àti Ọ̀bá-Ilé máa ń so ìwé tiwọn mọ́ owó lẹ́sìnnì. Kò burú, bí ẹ bá ti lè rí ìwé ọmọ mìíràn tí tíṣà ti mààkì kí ẹ tó sanwó. Tí ó bá jẹ́ àmì pupa nìkan ni ẹ rí láìsí àtúnṣe, ẹ lè ṣe ìyẹn nílé. Èyí tó bá ṣèlérí ìbéèrè ọjọ́ ìdánwò, ẹ sá fún un.

Ìpinnu wa: ti ilé ìtẹ̀wé tó ní àlàyé lábẹ́ ìdáhùn, tó sì yege nínú Ọjọ́ Ìjọba Tiwantiwa, ẹyọ kan péré. Ẹ ná an. Ẹni tó bá ti ra ti fọtokọ́pì, kó má sọ ọ́ nù: English àti Verbal inú rẹ̀ ṣeé lò, torí ọ̀rọ̀ ni wọ́n, pọ́ìntì ò sí níbẹ̀ tó máa pòórá. Kó kàn fi bírò pupa fagi lé apá Ìṣirò kí ọmọ má bàa ṣí i.